Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kàwé fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ẹnu mi ni yóò pa mí. Ìyàwó mi ti ń sọ ọ́ láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà.

Mo lọ kí Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láàárọ̀. Wọ́n ń da omi gbígbóná sínú ife, omi ń dà sórí tábìlì, wọn ò sì mọ̀ títí ó fi kán sí wọn lẹ́sẹ̀. Dókítà ojú ti sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé èyí tó ti lọ nínú ojú wọn kò ní padà mọ́. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù. Ẹni tó fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tẹ ìwé ní kóòtù, tí adájọ́ pàápàá máa ń dúró dè! A ṣì ń nu tábìlì nígbà tí ọmọ wọn ọkùnrin pe fóònù. Ó ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò ní ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

"Ilé rẹ̀ dára," Ẹ̀gbọ́n sọ nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. "Ìyàwó rẹ̀ dára. Àga ìrọ̀gbọ̀kú wọn náà dára. Kí ni kí n máa ṣe lórí àga náà láti àárọ̀ dalẹ́?" Omijé bọ́ lójú wọn. N kò rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin ìyá wa.

Ìgbà náà ni ẹnu mi là. Mo gba fóònù, mo pe ọmọ náà padà, mo ní kó tó di ọjọ́ kejìlá, ìyá rẹ̀ yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Rédíò, bí Mọ́mì bá níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo bá dé, màá fi wọ́n sílẹ̀ sílé wọn." Mo ní a ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dín ọjọ́ méjì. Iṣẹ́ wo, n kò mọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí kóòtù fi ta Ẹ̀gbọ́n lọ́rẹ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ti ń tún rédíò ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló gbà kó tó tàn, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé òun ti dàgbà jù, kí n lọ ra òmíràn. Mo bi ọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà ní òdìkejì títì bóyá ètò kan wà tó lè máa ka ojú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran. Ó ní ó wà. Iye tó pè é fi ìlọ́po mẹ́ta ju owó kọ̀ǹpútà náà lọ, ọdọọdún sì ni èèyàn yóò máa san án. Ó ní bí mo bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn òun, kí n ju ògbólógbòó yìí nù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dé ìta kí n tó bú u.

Ooru mú lónìí. Lẹ́ẹ̀dì tí mo fi ń jó wáyà ti tún gbówó lórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ìyá Oníwèé, obìnrin tó ń tọ́jú ilé-ìkàwé, wá gba rédíò rẹ̀. Ó bá mi níbi tí mo ti ń kùn, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Nínú yàrá ẹ̀yìn ilé-ìkàwé ni mo ti bá ẹgbẹ́ wọn tó ń pàdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta láti ran ara wọn lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà: oníbúrẹ́dì kan, dókítà eyín kan, obìnrin kan tó ń sin adìyẹ, àti bàbá méjì tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀yà Linux tó dára jù bí ẹni ń jà sí ogún.

Ìyá Oníwèé fún mi ní fíláàṣì, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní Linux wà nínú rẹ̀, pé òun ni yóò máa darí kọ̀ǹpútà dípò ti àtẹ̀yìnwá, kọ̀ǹpútà àgbà sì lè gbé e. Ó ní ohùn tó ń kàwé wà nínú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Mo bi í pé ta ló ni ín.

"Gbogbo èèyàn," ó ní.

"Ohun tí gbogbo èèyàn bá ni, ta ló ń tún un ṣe?"

"Gbogbo èèyàn náà ni, Bàbá Rédíò. Àwọn tó kọ ọ́ kò fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pamọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíì."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí létí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, kò sí rédíò tí wọn kì í lẹ àwòrán wáyà rẹ̀ mọ́ inú ìdérí ẹ̀yìn. O ṣí i, o rí ọ̀nà tí iná gbà wọlé àti ọ̀nà tó gbà jáde. Ti ìsinsìnyí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Linux yìí jẹ́ rédíò tó ní àwòrán lẹ́yìn. Mo fi fíláàṣì sí àpò àyà.

Ohun tó tún sọ kí n tó lọ ló mú kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Ilé-ìkàwé ní ọgọ́ta téèpù tí àwọn àgbà oníṣẹ́-ọwọ́ ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ọ, tí yóò sì máa tẹ̀ ẹ́, fún owó. Ìdánwò rẹ̀ di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Rédíò tí mo ti tú láyé mi lé ní ẹgbẹ̀rún, n kò mọ̀ pé fíláàṣì kan lè mú mi làágùn. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dúdú. Ìyàwó mi yọjú, ó ní, "Bàálé mi, ẹ ti fọ́ tiẹ̀ náà lójú." Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo tó wá ka ìwé tí Ìyá Oníwèé kọ fún mi, èyí tí mo ti fi sápò nítorí pé ọ̀gá ni mí. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni: *Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé yìí tán.*

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tàn. Ìṣẹ́jú kan péré! Ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù tí yóò máa gbà kó tó ṣí. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ fúnra àwọn, orúkọ ìnagijẹ ìyá wa àti ọdún tí wọ́n bí ìyá wa, 1941. Mo yí ojú kúrò bí ọmọlúàbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ó sọ̀rọ̀! Ohùn ọkùnrin, ó ń gba inú imú. Ẹ̀gbọ́n tẹ lẹ́tà kan, ó pè é. Wọ́n tẹ òmíràn, ó pè é. Wọ́n ká ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n wá tẹ gbólóhùn kan lódindi, wọ́n ní kó kà á. Ó kà á bí àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú láàárọ̀ yìí. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú.

Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n máà bínú sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Bínú kẹ̀?" wọ́n ní. "Ọ̀gá mẹ́jọ ni mo ti bá ṣiṣẹ́. Èwo ló sọ̀rọ̀ ketekete nínú wọn?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò àkọ́kọ́ ọdún. Kò síná. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ojú tì mí lónìí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi to àwòrán ńláńlá sójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Mo ra máòsì tuntun. Ẹ̀gbọ́n gbé máòsì náà sọ́wọ́, wọ́n yí i po.

"Kí ni eléyìí ń ṣe?"

"Ó ń tọ́ka sí ohun tí ẹ bá rí lójú kọ̀ǹpútà."

Wọ́n fà mí létí bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. "Àbúrò mi, ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń ríran. Àwọn ni kó o bá sọ̀rọ̀."

Mo gba ilé-ìkàwé lọ. Oníbúrẹ́dì ló jókòó tì mí, ó kọ gbogbo bí èèyàn ṣe lè fi ìka nìkan ṣe ohun gbogbo: èyí tí a fi ń ṣí ìwé, èyí tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, èyí tí a fi ń padà sẹ́yìn. Ìyẹ̀fun wà lára ìwé náà. Mo gba owó máòsì náà padà, ó kù díẹ̀ kí èmi àti olùtajà náà jà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fi gèlè ìyàwó mi di ojú ara mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Bí n kò bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ni mo fẹ́ kọ́ Ẹ̀gbọ́n? Wákàtí àkọ́kọ́, mo sọnù pátápátá. Ohùn yẹn ń sọ ibi tí mo wà fún mi, mo ń bú u. Ìyàwó mi já ilẹ̀kùn wọlé.

"Ta ló dì yín lójú?"

"Èmi náà ni."

Ó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́ bí ẹni tó bá wèrè pàdé. Ní ọ̀sán, mo ṣí ìwé kan, mo kọ ìlà márùn-ún, mo tọ́jú rẹ̀, mo pa á dé, mo sì tún rí i padà, láì lajú. Mo jó yí àga po.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ẹ̀gbọ́n ti mú kí ohùn náà máa yára sọ̀rọ̀ débi pé èmi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi bí ìgbà tí àgbàdo ń ta nínú ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìṣòro tó kù ni téèpù, tí ilé-ìkàwé ti gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí ọwọ́ bá kúrò lórí lẹ́tà láti dá ohùn téèpù dúró, ọwọ́ náà yóò wá ọ̀nà ilé tì. Wọ́n ní ní kóòtù, ẹsẹ̀ ni àwọn fi ń ṣe é: pẹ́dà kan wà nísàlẹ̀, o tẹ̀ ẹ́, téèpù sọ̀rọ̀; o gbé ẹsẹ̀, ó dákẹ́.

Mo béèrè lórí ìkànnì tí àwọn tó ń lo Linux ti máa ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ewúrẹ́ Aláwọ̀-Ewé dá mi lóhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní bọ́tìnnì èyíkéyìí ni mo lè ní kó máa ṣe iṣẹ́ yẹn, pé kí n sáà wá nǹkan tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Mo wo yàrá yíká. Pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó mi ń wò mí.

Mo mọ̀ pé ẹjọ́ ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo tú kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ kan, mo yọ pátákó wáyà inú rẹ̀, mo jó wáyà méjì mọ́ ibi bọ́tìnnì kan ṣoṣo, mo sì so wọ́n mọ́ pẹ́dà. Ewúrẹ́ kọ ìlà mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi. Mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe rí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́." Wọ́n tẹ̀ ẹ́, téèpù sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e, ẹ̀rín ń pa wọ́n bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré. Ìdùnnú mi lónìí kò ṣeé fi ẹnu sọ.

Ìyàwó mi dé bá wa níbẹ̀, ó ti ń wá pẹ́dà rẹ̀ láti àárọ̀. Ó la ẹnu láti bú mi, ó wá rí ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n lórí pẹ́dà. "Ẹ máa lò ó, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Bàálé mi ni yóò máa fọwọ́ yí ẹ̀rọ mi títí wọn ó fi ra òmíràn."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ burúkú. Ìyàwó mi ti bá Ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ìlú kejì láti àná, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń bọ̀. Ní ọ̀sán, Ìyá Oníwèé pè mí. Ó ní alága ìgbìmọ̀ ilé-ìkàwé, ọ̀gá-àgbà ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbà pé ẹni tí kò ríran lè tẹ nǹkan. Ìgbìmọ̀ náà ń jókòó ní aago mẹ́rin. Ó fẹ́ rí ojú ìwé méjì tí Ẹ̀gbọ́n ti tẹ̀, tàbí kó yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìdánwò.

Mo sáré délé Ẹ̀gbọ́n, mo tan kọ̀ǹpútà, mo tẹ páásíwọ́ọ̀dù tí Ẹ̀gbọ́n nìkan ti máa ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò gbà. Mo tún un tẹ̀. Kò gbà. Mo pe Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní, "Orúkọ ìnagijẹ Màámi, 1941. Kí ló dé?" Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà méjìlá. Aago mẹ́rin kọjá. Ìyá Oníwèé bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi fún wa di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Mo bínú. Mo lọ sórí ìkànnì, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ohun ọ̀fẹ́ náà ti jẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé mo fẹ́ nù ún kúrò kí n tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ dáhùn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nu nǹkan kan. Ta ló tẹ páásíwọ́ọ̀dù yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ẹ dúró de ẹni náà." Mo pa kọ̀ǹpútà, mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì kí wọ́n má baà ṣe ohun tí wọ́n ń rò.

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n kò tíì bọ́ bàtà tí mo ti fà wọ́n lọ síwájú kọ̀ǹpútà. Ìka wọn fò lórí lẹ́tà. Ó ṣí.

Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójú mi. Orúkọ náà pé. Nígbà tó kan ọ̀kan inú 1941, ìka wọn kò lọ sókè níbi tí nọ́ńbà wà. Ó wà nílẹ̀ níbi tó wà, ó tẹ *l*.

"Ẹ̀gbọ́n, *l* lẹ tẹ̀ yẹn."

"Ọ̀kan ni mo tẹ̀."

"*L* ni, mò ń wò ó!"

"Ìwọ yìí náà! Táíparáítà kóòtù wo ló ní ọ̀kan? *L* kékeré la fi ń ṣe ọ̀kan. Kò sí tàípíìsì ayé wa tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìwé tí wọ́n ti ń tẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kọ iye gẹ́gẹ́ bí ìṣe kóòtù, ìdí nìyẹn tí àṣírí náà kò fi tú. Mo ní kí n yí páásíwọ́ọ̀dù náà padà. Wọ́n kọ̀. "Olè wo ni yóò mọ̀ ọ́n?" A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá. Mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ewúrẹ́. Ó ní òun kò bínú, pé òun náà kò ríran láti kékeré, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí òun náà rí. N kò mọ̀! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kígbe mọ́ ọn!

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Aago méje ààbọ̀ ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìkàwé. Alága ka ojú ìwé méjèèjì, ó bọ́ awò ojú, ó tún un dé. "Ta ló bá wọn tẹ̀ ẹ́?" ó bi mí. Ìyá Oníwèé ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí i ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin

Mo ní kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

Téèpù agbẹ́kànga kan ni wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n, ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láàárín wákàtí méjì. Alága jókòó sí ọ̀tún, Ìyá Oníwèé sí òsì, èmi lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n fi gbohùngbohùn bo etí, wọ́n fi ẹsẹ̀ wá pẹ́dà, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àti ìró ìka wọn! Mo ti gbàgbé ìró yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn láti gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ti lọ nígbà tí iná lọ. Báttìrì kọ̀ǹpútà yẹn kì í lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù. Ìyá Oníwèé ń sáré wá wáyà káàkiri, alága ní ó dàbí ẹni pé ìdánwò ti parí nìyẹn. Ohùn náà kìlọ̀ fún Ẹ̀gbọ́n létí pé báttìrì ń lọ. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n tẹ bọ́tìnnì méjì, ojú kọ̀ǹpútà kú fin.

"Yéè!" alága kígbe. "Ó ti kú!"

"Kò kú," Ẹ̀gbọ́n dáhùn, ìka wọn kò dúró. "Iná ojú rẹ̀ ló ń jẹ báttìrì. Mo pa ojú rẹ̀ ni. Ta ló ń wò ó?"

Àwa mẹ́ta tó ríran jókòó síbẹ̀, a ò rí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n ní kó ka ìparí rẹ̀ fáwọn. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kí wákàtí méjì pé. Báttìrì ṣì kù díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Àṣìṣe mẹ́ta péré nínú ojú ìwé mẹ́sàn-án. Àwọn méjì yòókù tó ṣe ìdánwò náà, tí wọ́n sì ríran, ọ̀kan ṣe mọ́kànlá, èkejì kò parí. Ọgọ́ta téèpù, ti Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo rẹ̀! Alága fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé náà, ó sì bi mí ní kọ̀rọ̀ bóyá Linux yẹn lè gba kọ̀ǹpútà tó wà nílé òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

Ọmọ Ẹ̀gbọ́n dé ní aago mẹ́wàá pẹ̀lú mọ́tò akẹ́rù, awakọ̀ rẹ̀ àti páálí tó fẹ́ fi di ẹrù. Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé ìyá rẹ̀ ti níṣẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Rédíò," lóhùn tí èèyàn fi ń tu arúgbó nínú, ó sì wá.

Ó kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó wọlé, mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, gbohùngbohùn wà létí wọn, ẹsẹ̀ wọn ń ṣiṣẹ́, ìka wọn ń sáré lọ. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Ó dúró sáàárín yàrá pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi kó má baà là.

Ẹ̀gbọ́n gbé ẹsẹ̀. "Ta ló ń mí lẹ́yìn mi bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, Mọ́mì. Mo wá gbé yín."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ kan ló ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rọ ọ̀bẹ, ó ku ojú ìwé mẹ́ta."

Ó jókòó. Ojú ìwé mẹ́ta náà gbà tó wákàtí kan, kò mira. Nígbà tí wọ́n tẹ ìlà ìkẹyìn, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá rẹ̀ tí kò lè rí i, ó sì jáde lọ bá awakọ̀. Mo gbọ́ tí awakọ̀ bi í pé ẹrù dà.

Ó ní kó máa lọ, pé kò sí ẹrù kankan.